Ẹ̀rí Tí Màámi Jẹ́ ní Pápá Ọ̀yọ́

Òórùn òrí tí wọ́n po káńfọ̀ mọ́ ló máa ń gba ilé wa kan ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Ilé náà kò jìnnà sí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Màámi ti ń ta kẹrosíìnì. Bí wọ́n bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ títí, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ta kẹrosíìnì rí á mọ̀ pé òórùn ọ̀hún kì í lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lé itan, wọ́n á sì máa fi òrí náà ra á láti orókún dé ọrùn ẹsẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì á dà pọ̀ mọ́ ti káńfọ̀, èmi á di imú mú, wọ́n á ní kí n jáde bí ó bá ń yọ mí lẹ́nu. Wọn kò tíì fi ojú ara wọn rí ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń sáré rí, nítorí ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn, àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú ẹ̀bù iṣu.

Mo wà ní JS Three nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi wà ní SS Two. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ga, kò sanra, bí o bá sì rí i lójú títì, o ò ní mọ̀ pé òun ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa ń pariwo orúkọ rẹ̀. Eré irínwó mítà ni tirẹ̀, ìyẹn kí èèyàn yí pápá po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, kí wọ́n tó dé ìdajì, ẹ̀mí wọn á ti fẹ́ bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi a máa rọra tẹ̀ lé wọn. Tó bá wá ku igun ìkẹyìn, á gbé orí sókè díẹ̀, á sì kọjá lára wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kí n má parọ́, èmi ni mo máa ń fi í yangàn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo máa ń rìn gbẹndẹ́kẹ gba iwájú kíláàsì àwọn àgbà kọjá, bí ẹni pé èmi ni mo sáré.

Àmọ́ kì í ṣe ìyangàn lásán ló wà nínú eré náà. Bàbá wa ń dáko ní apá Ìrèsà, ìgbà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń wálé. Wọ́n ti sọ ọ́ kedere pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti parí kíláàsì tó wà yẹn, ìwé tó, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. O rántí àwọn ọdún yẹn, bí gbogbo nǹkan ṣe déédéé wọ́n, tí owó kò ra nǹkan mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Tíṣà kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀yọ́ ti sọ fún gémù másítà wa pé ọmọ tí wọ́n bá mú sínú ikọ̀ ìpínlẹ̀ níbi àṣekágbá eré àwọn ilé ẹ̀kọ́, àwọn á gbà á sílé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n á kọ́ ọ di tíṣà eré ìdárayá, ìjọba ìpínlẹ̀ á sì san owó ìwé rẹ̀ títí tí á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, àṣekágbá yẹn ni ilẹ̀kùn tó wà níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Bí kò bá gba ibẹ̀ wọlé, ilé aránṣọ ni.

Òfin kan wà o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ bá àwọn àgbà díje níta, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́, kò gbọdọ̀ sáré fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ náà á fi parí. Òfin náà ní ìdí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti fìgbà kan rí lọ kó àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń sáré fún ẹgbẹ́ níta, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù fún wọn, wọ́n ní ọmọ Form Three ni. Gbogbo wa la máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kóòṣì kan láti Ìbàdàn, tó ń wá àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá, wá sí pápá wa, ó sì rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ìdíje gbogboogbò kan ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́, òun fẹ́ wo bó ṣe máa ṣe láàárín àwọn àgbà. Gémù másítà wa, Mùsùlùmí kan tí kì í yé dá àpárá, tó sì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ ara rẹ̀, rò ó síwá sẹ́yìn. Àṣẹ ìgbìmọ̀ á pẹ́ kó tó dé, ìdíje kò sì ní dúró.

“Lọ sá a,” ó wí. “But pa ẹnu ẹ mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Ìrìn àjò yẹn ló ba Màámi lẹ́rù, kì í ṣe eré. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò dára rárá lákòókò yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ ìdílé kan tí mọ́tò ti pa ọmọ wọn sójú ọ̀nà náà. Màámi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ náà bá lọ tó bọ̀ láyọ̀, àwọn á dúpẹ́ níwájú ìjọ. Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ Màámi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, wọ́n á ní, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó bọ̀ láyọ̀. Kò tán síbẹ̀, ó tún ṣe ipò kejì, láàárín àwọn obìnrin tí òmíràn nínú wọn ti bímọ méjì. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa, ẹ̀rín ń pa á, ó ní ọ̀kan nínú wọn ń bi í léèrè lẹ́yìn eré pé ta ló gbé ọmọdé wá síbí.

Ẹ̀gbọ́n mi rántí ìkìlọ̀ gémù másítà. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o,” ó wí. “Àṣírí ni.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún?” Màámi dáhùn. “Ọlọ́run nìkan ni mo máa sọ fún.”

Ọkàn wa balẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ìdí tí ọkàn wa fi balẹ̀. Inú ìjọ kan náà la ti dàgbà, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ọpẹ́, Màámi dìde. Wọ́n fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, wọ́n fa èmi náà, a sì jó láti ìjókòó wa dé iwájú pẹpẹ, àwọn ìyá ìjọ ń tẹ̀ lé wa, àwọn akọrin ń gbé orin. Àlùfáà na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Màámi.

“Ẹ bá mi yin Olúwa!” ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. “Ọmọ mi yìí lọ bá àwọn àgbà sáré l’Ọ́yọ̀ọ́, mọ́tò ò gbókìtì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yẹ̀, Ọlọ́run tún jẹ́ kó ṣe sẹ́kọ́ńdì! Kí ni mo fẹ́ fi san án?”

Ìjọ hó yèè. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́lẹ̀, kò gbé e sókè títí a fi padà jókòó. Mo yẹ gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì wò, ojú mi sì kan ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ẹni tó máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì nínú ìsìn. Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti pẹ́ tó ti ń bá tiwa figa gbága lórí pápá, òun náà sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kàn gbàgbé pé ó ní etí ni. Ó ti jó pẹ̀lú wa. Nígbà tí ìsìn parí, ó wá bọ Màámi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ kú oríire, ìyá. Ọlọ́run á tún ṣe ju èyí lọ.” Màámi ní àmín tọkàntọkàn. Gémù másítà wa ní tirẹ̀ kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì sọ fún un, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá Màámi lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé.

Nígbà tí ọjọ́ àṣekágbá pé, Màámi ti ìsọ̀ wọn, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ní eré tó máa sọ ọmọ àwọn di tíṣà, àwọn gbọ́dọ̀ fojú rí i. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, koríko pápá ti gbẹ, eruku pupa sì bo funfun ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà débi pé wọ́n ní láti tún un fà láàárín eré sí eré. Ẹ̀gbọ́n mi sáré àkọ́kọ́ lówùúrọ̀, èyí tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa wọ àṣekágbá. Nígbà tó gbé orí sókè ní igun ìkẹyìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára àwọn yòókù, Màámi fi ibi tí wọ́n jókòó sí sílẹ̀. Wọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ta yí pápá ká, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìró mú, gèlè wọn já bọ́, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n kígbe orúkọ oríkì ẹ̀gbọ́n mi títí ohùn wọn fi há. Nígbà tí eré parí, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀, omijé ń bọ́ lójú wọn. Mo mú gèlè lọ fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì gbàgbé láti wé e.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa bọ̀ lábẹ́ kánópì àwọn ìgbìmọ̀. Gémù másítà tẹ̀ lé e lọ. Àgbà ìjọ wa ló mú ẹjọ́ wá. Ó ní ọmọ yìí ti díje pẹ̀lú àwọn àgbà níta láìgbàṣẹ. Gémù másítà fapá jánú. “Ta ló rí i? Ẹ mú ẹ̀rí wá. Ṣé gbogbo àhesọ lẹ ó máa gbọ́?” Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Alága ìgbìmọ̀, bàbá kan tó wọ awò ojú, wo ọmọ náà títí, ó ní bí kò bá sí ẹ̀rí, òun kò lè dá a dúró, kí wọ́n jẹ́ kó lọ múra. Gémù másítà ti ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ yẹn ni àgbà ìjọ wa yíjú, tó sì rí Màámi lódìkejì okùn, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá wa dé bí,” ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tó bá ń ka Bíbélì.

Inú Màámi tún dùn sí i nígbà tí wọ́n rí ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ìlú onílùú. Wọ́n tètè wé gèlè wọn, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá tó jókòó. Ọkùnrin náà kò parọ́ fún wọn, kò sì sọ òótọ́ fún wọn. Ohun tó sọ ni pé, “Ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá yìí, ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín ní Ọ̀yọ́ níbí lóṣù tó kọjá.” Mo fa ìró Màámi. Wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. “Fi mí sílẹ̀ jàre, kí n jẹ́rìí!” Wọ́n sì jẹ́rìí. Wọ́n sọ ti mọ́tò, wọ́n sọ ti àwọn obìnrin abiyamọ tí ọmọ àwọn bá sáré, wọ́n sọ ti ipò kejì, wọ́n tiẹ̀ dá orin díẹ̀ sí i. Gémù másítà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Ẹ ṣeun, Màámá,” ó wí. Ó wá kọjú sí àwọn yòókù. “She is disqualified.”

Màámi yíjú sí mi. “Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ò ní sáré mọ́.”

“Torí kí ni?”

Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti dá wọn lóhùn. “Ara mi ni ò yá, Màámi. Wọ́n ní kí n sinmi. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó níbòji.” Ó gbá wọn lọ́wọ́ mú, ó mú wọn lọ. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ayé rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, òun ló tún ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Láti ibi tí a jókòó sí la ti gbọ́ ìró ìbọn àṣekágbá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ìjọ wa ló gba ipò kìíní. Ọmọ tálákà bíi tiwa ni, kò ṣe wá ní nǹkan kan, mo sì kórìíra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ṣe eré ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni wọ́n fagi lé, gbogbo máàkì tí ilé ẹ̀kọ́ wa gbà lọ́jọ́ náà ló bá a lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé àwa akẹ́kọ̀ọ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó ń gbé ẹ̀gbọ́n mi sókè láàárọ̀ ń pòṣé sí i. Pírínsípà pè é jáde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó ní ó ti kó ìtìjú bá wa. Wọ́n gbé gémù másítà lọ sí abúlé kan tí mọ́tò kì í dé lójoojúmọ́. Kóòṣì Ìbàdàn kò padà wá, ilé ẹ̀kọ́ gíga náà sì mú ọmọ tó gba ipò kìíní. Bàbá wa dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé aránṣọ, ẹ̀rọ kò bá a lára mu, ó fi í sílẹ̀, ó bá Bàbá lọ sóko ní Ìrèsà, ibẹ̀ ló sì lọ́kọ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màámi mọ ohun tí ẹ̀rí wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kò ní ilẹ̀kùn. Oníbàárà kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ló sọ ọ́ fún wọn nínú ọjà, ó ní, “Ẹnu ara yín lẹ fi gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ yín.” Màámi padà sílé lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì wọn kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ó ní rárá. Wọ́n wo èmi, mo bú sẹ́kún, wọn kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Wọn kò fi ìjọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí láti ìgbà náà, wọn kò sì dìde dúpẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí wọ́n pe ẹbí èmi ìyàwó síwájú, gbogbo wa jó jáde, Màámi nìkan ló jókòó. Àlùfáà rò pé orókún ló ń dùn wọ́n.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí, mo sì mọ ìwúlò òfin. Bí wọn ò bá ṣe òfin yẹn, àwọn onírùngbọ̀n ni ì bá gba gbogbo ife-ẹ̀yẹ lọ. Mi ò tiẹ̀ lè sọ pé àgbà ìjọ wa purọ́, nítorí kò purọ́. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé èdè tí wọ́n fi kọ òfin náà àti ọ́fíìsì tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kò sí ìyá kan ní Ọjà Igbó tó lè dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ti Màámi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kódà àwa tí a mọ̀ ọ́n, “àṣírí ni” péré la sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ nílò ẹlẹ́rìí, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti máa rí Màámi.

Lẹ́yìn tí a sin Màámi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìrèsà. A jókòó, a ń bó ẹ̀gúsí, mo sì bi í ní ohun tí mi ò bi í rí, bóyá ó bínú sí wọn.

“Mi ò bínú,” ó wí. “Eré yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sáré ti àárọ̀ tán, mo wo ẹ̀yìn, mo rí Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Mi ò rí i rí kí inú wọn dùn báyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mi ò sì rí i mọ́ títí wọ́n fi kú.”

Èmi náà ò rí i mọ́.